Amọ̀nà àti Àlejò: Ìrìn-àjò Afẹ́ ní Erékùṣù Mauritius

Àwọn àgbà a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí nínú ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nínú igbó, lórí òkè àti létí òkun. Ènìyàn méjì lè dúró níwájú igi kan náà. Ọ̀kan yóò rí igi lásán, èkejì yóò sì mọ ọjọ́ orí igi náà, yóò mọ ẹranko tí ń jẹ èso rẹ̀, yóò sì mọ ìdí tí irú rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Kì í ṣe pé ojú èkejì mọ́ ju ti èkíní lọ. Ẹnìkan ni ó fi ọ̀nà hàn án. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní amọ̀nà.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa ìrìn-àjò afẹ́, èyíinì ni ìrìn tí ènìyàn ń rìn láti lọ wo ohun àrà inú ayé, láìṣe ti òwò tàbí ti ogun. Erékùṣù Mauritius ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti lè rí i gbangba ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àlejò bá wọ ilẹ̀ láìsí ẹni tí yóò kó o níjàánu, àti ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí àlejò bá gbà kí amọ̀nà ṣáájú òun. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi ọkàn bá mi kálọ.

Ilẹ̀ náà àti Àwọn tí ó Dé Ibẹ̀

Bí ẹ bá ṣí àwòrán ayé, ẹ wo apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Áfíríkà, ẹ ó rí erékùṣù ńlá tí ń jẹ́ Madagásíkà. Ẹ tún tẹ̀ síwájú sí ìlà-oòrùn lórí Òkun Íńdíà, ní nǹkan bí 800 kìlómítà, ẹ ó sì bá erékùṣù kékeré kan pàdé. Mauritius nìyẹn. Gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 65, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 45. Port Louis ni olú-ìlú rẹ̀.

Òkè tí ń yọ iná ni ó ti ìsàlẹ̀ òkun gbé ilẹ̀ náà jáde, ní nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́jọ ọdún sẹ́yìn. Kò fi ìgbà kan so mọ́ ilẹ̀ mìíràn rí. Nítorí náà, kìkì ohun tí ó bá lè fò, tí ó lè léfòó lójú omi, tàbí tí afẹ́fẹ́ lè gbé, ni ó lè dé ibẹ̀. Nínú àwọn ẹranko orí ilẹ̀ tí ń fún ọmọ lọ́mú, àdán nìkan ni ó dá ara rẹ̀ gbé débẹ̀. Kò sí ológbò níbẹ̀ nígbà náà, kò sí ajá, kò sí ọ̀bọ, kò sí àmọ̀tẹ́kùn. Àwọn ẹyẹ ibẹ̀ kò mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀tá, nítorí náà wọn kò kọ́ bí a ti ń sá.

Ní ọdún 1598, àwọn atukọ̀ láti ilẹ̀ Họ́láńdì gúnlẹ̀ síbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Maurits, ọmọ aládé wọn, sọ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1638 wọ́n tẹ̀dó síbẹ̀. Ní ọdún 1710 wọ́n kó ẹrù wọn lọ. Àwọn ará Faransé gba ilẹ̀ náà ní ọdún 1715, wọ́n sì kó ẹrú láti ilẹ̀ Áfíríkà àti Madagásíkà wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ wọn ní ọdún 1810. Láti ọdún 1834 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn alágbàṣe wá láti ilẹ̀ Íńdíà sí oko ìrèké, àwọn ọmọ wọn ni ó sì pọ̀ jù nínú àwọn ará ilẹ̀ náà lónìí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta ọdún 1968 ni Mauritius gba òmìnira.

Erékùṣù Lékeléke

Létí òkun ní gúúsù ìlà-oòrùn Mauritius, nítòsí ìlú Mahébourg, ilẹ̀ kékeré kan wà láàárín omi tí wọ́n ń pè ní Île aux Aigrettes. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Faransé ni Erékùṣù Lékeléke. Hẹ́kítà 26 péré ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ lè yí i ká kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Láti ọdún 1965 ni ìjọba ti yà á sọ́tọ̀ fún ìpamọ́ igi àti ẹranko. Ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ Mauritian Wildlife Foundation, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1984, ni ó ń tọ́jú rẹ̀.

Àwọn àlejò a máa wọ ọkọ̀ ojú omi kékeré lọ síbẹ̀, ìrìn náà kò sì pẹ́. Bí wọ́n bá ti gúnlẹ̀, amọ̀nà yóò kó wọn jọ, yóò sì ka òfin fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kúrò lójú ọ̀nà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe já ewé tàbí kí ó ṣa èso. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún ẹranko ní oúnjẹ. Kò sì sí àlejò tí a ń jẹ́ kí ó dá rìn níbẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ kan máa kùn nínú ara rẹ̀ pé, "Èmi ha wá fàájì ni, àbí mo wá sẹ́wọ̀n?" Ẹ jẹ́ kí a tẹ̀lé amọ̀nà díẹ̀ sí i kí a tó dá ọmọ náà lóhùn.

Ohun àkọ́kọ́ tí amọ̀nà yóò fi hàn wá ni igi kan tí kò ga púpọ̀, tí inú rẹ̀ dúdú bí èédú, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní ebony. Irú igi dúdú yìí kò sí níbòmíràn láyé àfi ní Mauritius àti ní àwọn erékùṣù kéékèèké tí ó yí i ká. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà. Nígbà àtijọ́, àwọn ará Họ́láńdì gé igi dúdú inú igbó Mauritius kó lọ sí ìlú wọn. Lẹ́yìn wọn, àwọn mìíràn gé ti Erékùṣù Lékeléke dáná. Lórí ilẹ̀ ńlá, oko ìrèké jẹ igbó run tó bẹ́ẹ̀ tí igbó àbínibí tí ó ṣẹ́kù ní ipò rere lónìí kò tó ìpín 2 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá wá wo ilẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ yín, ẹ ó rí àwọn ọ̀dọ́ igi tí kò ga ju ìka ọwọ́ lọ. Ẹsẹ̀ kan tí ó bá ṣìnà lè tẹ igi tí ì bá gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé pa. Ìdí nìyẹn tí amọ̀nà fi ní kí a má ṣe kúrò lójú ọ̀nà.

Ohun kejì ni ahun ńlá kan tí ń rìn lọ́nà bí ọba tí kò ní ìkánjú. Ahun yìí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Oríṣi ahun méjì ni Mauritius ní látijọ́, ṣùgbọ́n àwọn atukọ̀ kó wọn sínú ọkọ̀ fún ẹran jíjẹ títí wọ́n fi tán pátápátá. Nígbà tí wọ́n tán, èso igi dúdú kò rí ẹni gbé e kúrò ní ìdí ìyá rẹ̀ mọ́, nítorí pé àwọn ahun ni ó máa ń gbé èso náà mì, tí wọ́n sì ń yàgbẹ́ irúgbìn rẹ̀ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn onímọ̀ wá rò ó wò, wọ́n sì mú ahun tí ó jọ wọ́n wá láti erékùṣù Aldabra, ní ilẹ̀ Seychelles. Bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Irúgbìn tí ó gba inú ahun àjèjì yìí kọjá ń hù dáadáa, igi dúdú sì tún ń bímọ.

Ohun kẹta ni ẹyẹlé kan tí àyà rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́, tí ó bà lé ẹ̀ka lókè orí wa. Nípa rẹ̀ ni a ó tún sọ̀rọ̀ níwájú.

Ẹyẹ tí a kò Rí Mọ́

Nínú igbó kan náà, ẹ ó rí àwọn ère idẹ. Àwòrán àwọn ẹranko àti ẹyẹ tí ó ti parun ni wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn ni ère ẹyẹ dódò. Ẹ má rẹ́rìn-ín o; kì í ṣe dòdò tí ìyá yín ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dín! Ẹyẹ tí ó sanra ni, tí ó ga tó nǹkan bí mítà kan, tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ, tí ìyẹ́ rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè fò. Ní orí ilẹ̀ ni ó ń yé ẹyin sí, nítorí pé kò sí ohun tí ó lè jí i gbé níbẹ̀ rí. Nígbà tí ó rí ènìyàn, kò sá.

Àwọn atukọ̀ pa á jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ wọn nìkan ni ó run ún. Eku tí ó bá ọkọ̀ wọn wá, ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tú sílẹ̀, àti ọ̀bọ tí wọ́n kó dé, ni ó ń jẹ ẹyin àti ọmọ rẹ̀. Ọdún 1662 ni ìgbà ìkẹyìn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ẹnìkan fi ojú rí i láàyè. Láti ìgbà tí àwọn ará Họ́láńdì ti kọ́kọ́ gúnlẹ̀ títí di ọdún náà, kò tó àádọ́rin ọdún.

Nígbà tí ó ṣe, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìtàn àròsọ ni ẹyẹ náà. Olùkọ́ ilé-ìwé kan ní Mahébourg, George Clark, kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń wá egungun rẹ̀ kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 1865, ó rí àwọn egungun náà nínú àbàtà kan tí ń jẹ́ Mare aux Songes. Ẹ kíyè sí i pé iṣẹ́ olùkọ́ kò pin sí inú ilé-ìwé.

Àwọn tí ó Padà Láti Ẹnu Ikú

Ẹ jẹ́ kí a kúrò létí òkun nísinsìnyí, kí a sì lọ sí àwọn òkè àti àfonífojì gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ ńlá. Níbẹ̀ ni ọgbà ìpamọ́ Black River Gorges wà, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní ọdún 1994. Òkè tí ó ga jù lọ ní Mauritius, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 828, wà nínú rẹ̀.

Bí àkókò rẹ̀ bá tó, ọ̀pọ̀ àlejò a máa yọ̀ láti ká èso gúáfà pupa kéékèèké tí ó kún ẹ̀bá ọ̀nà. Amọ̀nà a wá sọ fún wọn pé ọ̀tá igbó ni igi aládùn yìí. Láti ilẹ̀ òkèèrè ni a ti mú un wá. Ó ń hù dí gẹ́gẹ́ bí ògiri, kò sì jẹ́ kí ọmọ igi àbínibí rí oòrùn. Ẹni tí kò ní amọ̀nà yóò rò pé igbó rere ni òun ń wò.

Nínú igbó yìí ni àṣá kékeré kan ń gbé. Oògùn kòkòrò tí a fi ń pa ẹ̀fọn àti igbó tí a gé lulẹ̀ pa ẹyẹ yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, ní ọdún 1974, mẹ́rin péré ni a mọ̀ pé ó kù nínú igbó. Ní ọdún 1979, ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹyẹ kan, Carl Jones, dé láti ilẹ̀ Wales. Ọgbọ́n tí ó dá ni pé ó ń kó ẹyin àkọ́kọ́ láti inú ìtẹ́, kí abo àṣá lè yé òmíràn. Ó sì ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin tí ó kó, ó ń tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà, ó ń dá a padà sínú igbó. Báyìí ni mẹ́rin ṣe di ọgọ́rùn-ún mélòó kan.

Ẹyẹlé pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tí a rí lẹ́ẹ̀kan náà ti kú ku nǹkan bí mẹ́wàá nínú igbó ní àkókò ọdún 1990. Ayékòótọ́ aláwọ̀ ewé ibẹ̀ kò sì tó ogún nígbà kan. Lónìí, àwọn méjèèjì jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú igbó. Kì í ṣe àdúrà nìkan ni ó ṣe é. Àwọn ènìyàn kan fi eré wọn sílẹ̀, wọ́n ń gun igi, wọ́n ń pa eku, wọ́n ń tu koríko, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ fún ẹyẹ. Apá kan nínú owó tí àwọn iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ń lọ síwájú ni owó tí àlejò ń san láti tẹ̀lé amọ̀nà yí Erékùṣù Lékeléke ká.

Ilẹ̀ Aláwọ̀ Méje àti Òkè Ìsáǹsá

Nítòsí ọgbà náà ni abúlé Chamarel wà. Níbẹ̀ ni ilẹ̀ kan wà tí kò ní koríko, tí ó rí gẹ́lẹ́tẹ́-gẹ̀lẹ̀tẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ sì pín sí pupa, ràkọ̀ràkọ̀, àwọ̀ àlùkò àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Aláwọ̀ Méje ni wọ́n ń pè é. Òkúta òkè tí ń yọ iná ni ó jẹrà di amọ̀. Irin inú rẹ̀ ni ó sì fún un ní àwọ̀ wọ̀nyí, bí irin àdá yín ti ń dógùn-ún tí ó ń di pupa. Wọ́n fi igi ṣe ọgbà yí i ká, òkèèrè ni àlejò sì ń dúró wò ó. Bí gbogbo ẹni tí ó wá wò ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi di ilẹ̀ lásán.

Láti ibẹ̀, bí a bá kọrí sí etí òkun, a ó rí òkè kan tí ó dá dúró bí odi, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 556. Le Morne Brabant ni orúkọ rẹ̀. Amọ̀nà lè mú ẹni tí ara rẹ̀ le gùn ún, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbéra ni amọ̀nà rere ti ń sọ ìtàn rẹ̀. Lórí òkè yìí ni àwọn ẹrú tí ó sá kúrò lọ́wọ́ olówó wọn ń fara pamọ́ sí, nínú ihò àti lórí góńgó rẹ̀. Ohun tí a mọ̀ dájú nìyẹn, nítorí rẹ̀ sì ni UNESCO fi kọ orúkọ òkè náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2008.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu kan sì tún wà. Wọ́n ní nígbà tí òfin Gẹ̀ẹ́sì dá ẹrú Mauritius sílẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1835, àwọn ọlọ́pàá gun òkè lọ láti sọ ìròyìn ayọ̀ náà fún àwọn ìsáǹsá. Ṣùgbọ́n àwọn ìsáǹsá rò pé wọ́n wá mú àwọn padà sí oko ẹrú ni, wọ́n sì bẹ́ láti orí àpáta sísàlẹ̀, wọ́n yan ikú. Amọ̀nà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í pa ohun tí a mọ̀ pọ̀ mọ́ ohun tí a gbọ́. Yóò sọ èyí tí í ṣe ti ìwé, yóò sì sọ èyí tí í ṣe ti ẹnu àwọn àgbà. Ẹni tí ó gbọ́ ìtàn yìí kí ó tó gun òkè náà, kò ní pariwo lórí rẹ̀.

Ọjọ́ tí Epo Bo Òkun

Kí a tó parí ìrìn wa, ẹ jẹ́ kí a padà sí Erékùṣù Lékeléke. Ní ọjọ́ 25 oṣù Keje ọdún 2020, ọkọ̀ òkun ńlá kan tí ń jẹ́ Wakashio gun orí àpáta iyùn ní tòsí ibẹ̀. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, epo bẹ̀rẹ̀ sí í jò láti inú rẹ̀. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù 1,000 ni ó dà sínú òkun, ó sì dé etí Erékùṣù Lékeléke tí a ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tún ṣe.

Àwọn ará ilẹ̀ náà kò jókòó tẹtẹrẹ. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Wọ́n kó ewé gbígbẹ láti oko ìrèké, wọ́n rọ ọ́ sínú àpò, wọ́n rán an pọ̀ gígùn, wọ́n sì nà á sójú omi kí ó lè fa epo mu. Àwọn kan gé irun orí wọn fún iṣẹ́ náà. Àwọn olùtọ́jú erékùṣù kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́ igi àti díẹ̀ nínú àwọn ẹyẹ lọ sí ilẹ̀ ńlá kí òórùn epo má baà pa wọ́n. Ẹ bi ara yín léèrè: ta ni yóò gé irun orí rẹ̀ nítorí ilẹ̀ tí kò mọ ìtàn rẹ̀? Ẹni tí a ti fi ọ̀nà hàn ni ó ń fẹ́ràn, ẹni tí ó fẹ́ràn ni ó sì ń ṣọ́.

Ìparí

Nísinsìnyí, a lè dá ọmọ tí ń kùn lóhùn. Òfin amọ̀nà kì í ṣe ẹ̀wọ̀n. Òun ni ó jẹ́ kí ohun tí a wá wò ṣì wà níbẹ̀. Àwọn atukọ̀ ọdún 1598 wọ Mauritius láìsí òfin; ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni egungun inú àbàtà. Àwọn tí ó wá lẹ́yìn tí wọ́n sì kó ara wọn níjàánu ni ó fi àṣá, ẹyẹlé àti ayékòótọ́ sílẹ̀ fún wa.

Àrìnjìnnà ni ó ń rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ẹni tí ó rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ bá sọ òkò sí i, ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí olùkọ́ yín bá kó yín lọ síbi òkè, odò tàbí igbó, ẹ fetí sí ẹni tí ó ṣáájú yín, ẹ bi í ní ìbéèrè, ẹ sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ bí ẹ ti bá a. Ẹni tí ó wo nǹkan tí kò bà á jẹ́ ti wò ó fún ara rẹ̀ àti fún ọmọ rẹ̀.

Ìdánrawò

1. Kí ni ìdí tí ẹyẹ Mauritius kò fi mọ bí a ti ń sá?
2. Ṣàlàyé bí ahun ṣe ń ran igi dúdú lọ́wọ́. Èwo nínú àwọn òwe inú àyọkà yìí ni òǹkọ̀wé lò fún ahun náà, kí sì ni ìtumọ̀ rẹ̀?
3. Sọ ohun méjì tí ó run ẹyẹ dódò yàtọ̀ sí ọwọ́ àwọn atukọ̀.
4. Nínú ìtàn Le Morne, èwo ni a mọ̀ dájú, èwo sì ni ìtàn àtẹnudẹ́nu?
5. Kọ àròkọ kan tí kò dín ní 250 ọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn àkọlé wọ̀nyí: (a) Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran; (b) Ìrìn-àjò afẹ́ kan tí kíláàsì wa lọ; (d) Bí mo bá jẹ́ amọ̀nà ní ìlú mi.